Lekki ni àbí Magodo? Ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó san owó ilé

Ilé náà wuyì lójú. Yàrá mẹ́rin, ilé ìdáná tí pákó kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì ń rùn tuntun, àti bákónì tí ènìyàn lè gbé àga méjì sí. Ikate ni, lẹ́bàá òpópónà tó lọ láti Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ gbẹ táútáú. Éjẹ́ńtì tó mú tọkọtaya náà wá ti gba owó ìwolé lọ́wọ́ wọn kó tó ṣí géètì. Ó ní, “Màdáámù, àdúgbò yìí kì í gba omi rárá o. Ẹ bi ẹnikẹ́ni.”

Màdáámù ò bi ẹnikẹ́ni. Ògiri ọgbà ló ń wò. Láti ilẹ̀ títí dé orúnkún, ọ̀dà ara ògiri náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni. Láti orúnkún lọ sókè, ọ̀dà àtijọ́ tí oòrùn ti pa ni. Nígbà tí éjẹ́ńtì bọ́ síta lọ gbé fóònù, mègádì ilé kejì sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mọ́mì, bí ẹ bá máa kó wá, ẹ má gbé fírísà yín sílẹ̀ẹ́lẹ̀ o. Ẹ wá búlọ́ọ̀kù tì í nídìí.”

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti wà ní Magodo, lórí òkè tó ń wo ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nísàlẹ̀. Ilé tibẹ̀ dàgbà ju ti Ikate lọ. Fèrèsé rẹ̀ kéré, ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ kan ń jò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ omíyalé níbẹ̀. Ohun tó gba ọkọ lọ́kàn ni aago tí yóò máa jí kó tó lè dé ọ́fíìsì rẹ̀ ní Marina ní aago mẹ́jọ.

Irú ìdílé yìí pọ̀ ní Èkó. Iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ tọkọtaya, mọ́tò kan tàbí méjì wà nílẹ̀, iléèwé aládàáni ni àwọn ọmọ ń lọ, àmọ́ owó wọn kò tíì ká Ìkòyí. Bí ọ̀rọ̀ ibi tí wọn yóò kó lọ bá délẹ̀, orúkọ méjì ló máa ń kọ́kọ́ jáde: Lekki fún ẹni tó ń wo ọ̀nà Áílàǹdì, Magodo fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà ní Méńlàǹdì. Mo ti jókòó níbi ìgbéyàwó kan tí àríyànjiyàn yìí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ìrẹsì dé, tí kò sì tíì parí nígbà tí wọ́n ń pín súfẹ́níà.

Èrò tèmi ni pé orúkọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yá, wọn kì í yá ilé. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé àti ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ ni ẹni tó bá mọ Èkó ń wò.

Orúkọ tó ń gbòòrò

Ìlú Lekki gan-an jìnnà. Ìlú apẹja létí òkun ni, ní apá Ìbẹ̀jú, ibẹ̀ náà ni ìjọba àpapọ̀ ti há Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ ní 1962. Ẹni tó ń gbé Lekki Phase 1 lè lo ogún ọdún níbẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan ìlú tó ń jẹ́ Lekki. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kàn fi pe gbogbo ilẹ̀ gbọọrọ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, láti ẹ̀gbẹ́ Victoria Island lọ sí apá Ẹ̀pẹ́.

Ilẹ̀ ọ̀hún kò sì ṣófo tẹ́lẹ̀. Maroko ló wà ní ẹnu ibẹ̀. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Raji Rasaki kó katakata wọ àdúgbò náà, ó sì lé nǹkan bí 300,000 ènìyàn jáde. Díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n kó lọ sí ilé ìjọba ní Ilasan àti Ikota. Àwọn yòókù wá orí ara wọn gbé. Ẹni tó ń fi àdúgbò yẹn yangàn lónìí, orí ilẹ̀ àwọn wọ̀nyẹn ni apá kan rẹ̀ jókòó lé.

Magodo ní tirẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló gé ilẹ̀ rẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì. Phase 1 wà lápá Ìṣẹrì àti Berger, Phase 2 wà ní Shangisha, kò jìnnà sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa. Àdúgbò tí a ń sọ yìí kò tóbi rárá ní ti gidi. Àwọn éjẹ́ńtì ló ń mú un tóbi.

Sangotedo ti di Lekki lẹ́nu wọn. Abijo náà ti di Lekki. Ní apá kejì, gbogbo kọ̀rọ̀ tó bá ti lè rí òkè Magodo láti ọ̀ọ́kán ti di Magodo, kódà ibi tó jẹ́ pé odò Ògùn ni aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà kò fi pamọ́ fún mi. “Bí mo bá kọ Sangotedo sórí ìpolówó, fóònù kì í dún,” ló wí. “Bí mo bá kọ Lekki, wọ́n á pè. Bí wọ́n bá ti dé, mo á wá rọra ṣàlàyé.” Mo ní ṣé wọn kì í bínú ni. Ó ní wọ́n máa ń bínú dáadáa, ṣùgbọ́n epo tí wọ́n ti sun wá kì í jẹ́ kí wọ́n padà láìwo ilé.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ bánkì ní Victoria Island, tó sì ń gbé Magodo, ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni òun ń jí. Bí aago márùn-ún ààbọ̀ bá lu tí òun kò tíì jáde ní géètì ẹ́sítéètì, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. CMD Road ló ń gbà dé Ojota, ó ń gba Gbàgádà dé Oworonshoki, kó tó gun Afárá Third Mainland. Afárá náà gùn tó kìlómítà 11.8, ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i fún aráàlú tán. Bí mọ́tò kan bá kú sórí rẹ̀ láàárọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní ibi tó máa yà sí.

“Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ń dé ọ́fíìsì,” ló wí. “Mo á wá na àga mọ́tò sẹ́yìn, mo á sùn títí di aago méje ààbọ̀. Àwa tí a ń sùn nínú páàkì yẹn ti tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a sì ti mọ híhan-anrun ara wa.”

Ọ̀pọ̀ ará Lekki kì í gun Third Mainland lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ará Magodo. Àmọ́ ẹ wo bí ilẹ̀ wọn ṣe rí. Gbogbo ẹ́sítéètì tó wà láti Ikate, Agungi, Osapa, Chevron, títí dé Ajah àti Sangotedo, òpópónà kan náà ni wọ́n ń tú jáde sí. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà yẹn, kò sí kọ̀rọ̀ tí ẹ óò gbà tí kò ní já padà sójú rẹ̀. Awakọ̀ dáńfó kan ní Ajah ní àwa tí à ń wa jíìpù ló ń fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ tó lè gba méje. N kò rí èsì fún un.

Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú. Wọ́n gbé títún ọ̀nà náà ṣe fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, èyí sì ló bí tógéètì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní oṣù Kejìlá 2011 láàárín ìwọ́de àti ariwo àwọn ará àdúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣí afárá tó so Lekki pọ̀ mọ́ Ìkòyí ní oṣù Karùn-ún 2013, tí òun náà ń gba owó. Gbogbo ayé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tógéètì àkọ́kọ́ yẹn ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn níbi ìwọ́de EndSARS tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ipá ọlọ́pàá. Àkókò ìwọ́de náà ni owó gbígbà dúró níbẹ̀.

Èyí tó tún wá dé báyìí ni ọkọ̀ ńlá. Èbúté Lekki bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ilé ìfọpo Dangote wà nítòsí rẹ̀, àwọn tírélà àti táńkà sì ti di ara ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ síléèwé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etíkun tó yẹ kó gùn tó nǹkan bí 700 kìlómítà dé Calabar ní 2024. Ojú ọ̀nà lè fúyẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá fẹ́ yálé lọ́dún yìí kò lè fi ọjọ́ iwájú dé ibi iṣẹ́.

Ará Magodo náà ní táńkà tirẹ̀. Ní 28 oṣù Kẹfà 2018, táńkà epo kan ṣubú lórí Afárá Otedola, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, iná sọ, ó kéré tán ènìyàn mẹ́sàn-án kú, ọkọ̀ 54 sì jóná. Láti ọjọ́ náà, àwọn kan wà tí wọn kì í dúró lẹ́yìn táńkà lórí afárá yẹn, bó ti wù kí ìlà ọkọ̀ náà rí. Ẹ tún fi ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù kún un, nígbà tí èrò ìsìn ìmọ́jú ń lọ sí Redemption Camp ìjọ RCCG lójú ọ̀nà Ìbàdàn, tí Berger ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ láti ọ̀sán.

Ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Ọ̀nà aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023, èyí aláwọ̀ pupa sì tẹ̀ lé e láti Agbado dé Oyingbo ní oṣù Kẹwàá 2024. Kò sí èyí tó dé Magodo nínú méjèèjì, ẹni tó bá fẹ́ wọ ti pupa á kọ́kọ́ wá ọ̀nà dé Ìkẹjà. Ti Lekki ṣì wà nínú ìwé. Inú ìwé kan náà ni Afárá Fourth Mainland wà, tó yẹ kó ti Ajah gba Ìkòròdú já sí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn, nǹkan bí 38 kìlómítà. Bí wọ́n bá kọ́ ọ, àwọn àdúgbò méjèèjì tí à ń jà lé lórí yìí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di aládùúgbò. Mo ti gbọ́ éjẹ́ńtì tó ń fi afárá náà polówó ilẹ̀, bí ẹni pé òun ti fi mọ́tò kọjá lórí rẹ̀ lánàá.

Omi mọ ọ̀nà rẹ̀

Ọ̀sà wà ní àríwá Lekki, òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ilẹ̀ àárín wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àbàtà ni púpọ̀ nínú ibi tí ilé aláràbarà wà lónìí. Iyanrìn ni wọ́n fi dí i. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ti ń kọ́lé níbẹ̀ tipẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí: “Ibi tó rẹlẹ̀ ni omi ń wá. Ibi tó rẹlẹ̀ jù ní Lekki ni ọ̀sà. Bí ọ̀sà bá ti kún nígbà tí òjò ń rọ̀, ibo ni gọ́tà fẹ́ da omi sí? Ẹ lè fi wúrà ṣe gọ́tà yẹn, kò ní ṣàn.”

Àwọn tó kọ́lé dí ojú omi wá dá kún un. Láàárín 2023 sí 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó àwọn ilé àti ògiri tó jókòó sórí ọ̀nà omi ní apá Ikota. Àwọn tó ni ilé náà pariwo pé àwọn ní ìwé. Ìjọba ní omi ò mọ ìwé. Mo rò pé òótọ́ ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń sọ, ìyẹn ló sì mú ọ̀rọ̀ náà burú: ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé ọ̀hún.

Kì í ṣe gbogbo Lekki ló ń rì o. Òpópónà kan lè gbẹ nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e di odò. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ éjẹ́ńtì nínú oṣù Kejì. Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ni kí ẹ lọ, kí ẹ wọ bàtà tó lè bàjẹ́.

Omi inú ilẹ̀ Lekki tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò níbẹ̀, ẹ pọn omi bóòhóòlù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun láàárọ̀: á mọ́ lóló. Kó tó di ọ̀sán, á ti pọ́n díẹ̀, ohun pupa tó dà bí ìpẹtà á sì ti jókòó sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Irin inú ilẹ̀ ni. Òun ló ń sọ aṣọ funfun di ràkọ̀ràkọ̀, òun ló ń dápàá sára àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó ń gbébẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ó ń pààrọ̀ inú rẹ̀ lóòrèkóòrè, ó sì tún ń ra omi tí yóò mu.

Òkè ni Magodo, omi kì í dúró níbẹ̀. Ó ń sáré, bó sì ṣe ń sáré ló ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, tó ń jẹ ìdí ògiri àwọn tó kọ́lé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn Magodo tí kì í ṣe Magodo. Bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, odò Ògùn ló ń gbé e wá, àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ ní Ìṣẹrì, apá Kara, títí dé Mile 12, ló sì ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Omi náà lè dé lọ́jọ́ tí òjò kankan kò rọ̀ ní Èkó.

Ọlọ́pàá ní géètì

Bí omi bá jẹ́ àléébù Lekki, ẹjọ́ ni àléébù Magodo. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ìjọba wó ilé àwọn ará Shangisha láti fi ilẹ̀ wọn ṣe Phase 2. Àwọn ènìyàn náà gbéjọ́ lọ, wọn kò sì jáwọ́. Ní oṣù Kejì 2012, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre pé kí ìjọba fún wọn ní púlọ́ọ̀tì 549. Ọdún ń gorí ọdún. Ní ìparí 2021, àwọn ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ wọ Magodo, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ àmì sára ilé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lálàáfíà.

Ní 4 oṣù Kìíní 2022, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ pé kí àwọn ọlọ́pàá máa lọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ dá a lóhùn lójú gbogbo ayé pé àṣẹ láti òkè ló gbé òun wá, òun kò lè kúrò. Fídíò náà kárí ilé, kárí oko. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé àdúgbò náà, ní òun wo fídíò yẹn nínú pálọ̀ òun nígbà tí ọ̀dà pupa kò tíì gbẹ lára ògiri aládùúgbò òun. “Mo ní C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ mi,” ló wí. “Ìjọba náà ló fọwọ́ sí i. Mo wá ń wo ìjọba tí ọlọ́pàá ń dá lóhùn.”

Ayálégbé lè sọ pé kí ló kan òun nínú ẹjọ́ onílé. Ó kàn án, tó bá ti san owó ọdún kan sílẹ̀. Ní Lekki, ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ àti ọmọ onílẹ̀ ló gba ipò ẹjọ́ yìí, pàápàá bí ẹ bá ti kọjá Ajah. Òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 láti dẹ́kun àwọn ọmọ onílẹ̀ ti dín ìwà jàgídíjàgan kù díẹ̀, kò tíì pa á rẹ́.

Owó tí kò sí lórí ìpolówó

Lekki Phase 1 wọ́n ju Magodo lọ. Bí ẹ bá kọjá Ajah, owó á já wálẹ̀, epo á sì gbà á padà. Láti ọjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, iye tí jálá kan ń jẹ́ ti di ara owó ilé. Iná náà bẹ́ẹ̀: ní oṣù Kẹrin 2024, àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù lóòjọ́, rí i tí owó iná fò láti ₦68 sí ₦225 lórí ìwọ̀n kan. Kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè band tí òpópónà náà wà, kì í ṣe band tí àdúgbò náà wà.

Lẹ́yìn náà ni owó éjẹ́ńtì, owó lọ́yà, owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́, àti owó ìtọ́jú ẹ́sítéètì. Òfin ilé yíyá ti 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, kò yọ Lekki, kò yọ Magodo. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé ní àdúgbò méjèèjì ṣì ń ní ọdún méjì ni àwọn fẹ́, àwọn tó mọ òfin náà dunjú ló sì tún ń san án, nítorí ẹlòmíràn ti dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú owó.

Ta ni kó lọ síbo?

Bí tọkọtaya méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, Ìkòyí tàbí Marina, kí wọ́n lọ sí Lekki, ṣùgbọ́n kí wọ́n má kọjá Chevron. Ẹni tó ń gbé Sangotedo lè pẹ́ lójú ọ̀nà ju ará Magodo lọ, tí yóò sì máa sọ pé Áílàǹdì ni òun ń gbé.

Bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí tí àwọn ọmọ ṣì wà níléèwé ní Méńlàǹdì, Magodo ni. Ọ̀nà tó jáde nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ: bí CMD bá dí, Berger wà, Alausa wà. Ọsibítù ńlá ìjọba ní Ìkẹjà kò jìnnà, pápákọ̀ òfuurufú kò jìnnà, ẹni tó ń lọ òde ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé ti bọ́ sójú ọ̀nà. Nítorí iṣẹ́ ìyàwó ní Ìkẹjà ni tọkọtaya tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ṣe mú ti Magodo, balùwẹ̀ tó ń jò àti gbogbo rẹ̀. Ọkọ ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá máa mú, ẹ gbìyànjú ìrìn náà ní ìdájí ọjọ́ Ajé kan kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ bi mègádì, ìyálọ́jà ẹnu géètì àti ọmọ tó ń fọ mọ́tò bí òjò ṣe máa ń ṣe níbẹ̀. Wọn kò ní owó éjẹ́ńtì tí wọ́n ń retí. Bó bá sì jẹ́ ríra ni, ẹ mú ìwé ìwọnlẹ̀ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa kí wọ́n bá yín wò ó, kí ẹ tó fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.